Ọ̀dà Sójà àti Ọwọ́ Akínọlá

Láàárín àwọn ọdún tí SAP, ètò ọrọ̀ ajé ìjọba tó ni ará ìlú lára, gbòde, bí ẹnikẹ́ni bá gbé jẹnẹrétọ̀ àtijọ́ wọ Mushin tó sì béèrè ẹni tó lè dá ọ́ìlì dúró lára rẹ̀, ẹ̀yìn ọjà Ojúwoyè ni wọ́n máa júwe fún un. Kò sì ní í béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Yóò rí ṣọ́ọ̀bù kan tí gbogbo ohun inú rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ ewé: ẹ́ńjìnnì, àpótí irinṣẹ́, àga, títí kan ike omi mímu. Adéríbigbé ló ni ṣọ́ọ̀bù náà, ṣùgbọ́n ẹni bá pe orúkọ yẹn ládùúgbò, àfi kó ṣàlàyé. Sójà ni wọ́n mọ̀ ọ́n sí.

Sójà ni lóòótọ́. Ìgbà ogun abẹ́lé ló wọṣẹ́ ológun, àmọ́ kò yìnbọn lu ẹnikẹ́ni. Ibi tí wọ́n ti ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni wọ́n fi í sí, ibẹ̀ ló sì wà títí tó fi bọ́ aṣọ ìjọba sílẹ̀. Ohun méjì ló bá a kúrò ní bárékè. Ó mọ jẹnẹrétọ̀ dísù àwọn sójà bí ẹni mọ ọ̀nà ilé ìyá rẹ̀, ìyẹn àkọ́kọ́. Èkejì ni ìfẹ́ ọ̀dà. Ní bárékè, bí ọ̀gá àgbà bá ń bọ̀ wá bẹ̀ wọ́n wò, òkúta ẹ̀bá ọ̀nà pàápàá kì í bọ́ lọ́wọ́ ọ̀dà. Ohun tí wọ́n bá ti kùn, wọ́n gbà pé ó ti dáa nìyẹn. Ìwà yìí wọ Adéríbigbé lára, kò sì jáde mọ́. Ẹ́ńjìnnì tó bá tún ṣe kò gbọdọ̀ kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ láìjẹ́ pé ó fi ọ̀dà àwọ̀ ewé kùn ún láti orí dé ẹsẹ̀. Ó ní àmì tí wọ́n fi ń mọ iṣẹ́ òun nìyẹn, nítorí òun ò ní òmíràn.

Iṣẹ́ sì pọ̀ nígbà náà. Jẹnẹrétọ̀ tuntun ti gbówó lórí kọjá ohun tí ẹni tó ń jẹun lójúmọ́ lè sún mọ́, iná sì ń lọ bó ṣe wù ú. Àwọn oníbúrẹ́dì, àwọn wẹ́dà àti àwọn oníyìnyín ń lọ ra àwọn ògbólógbòó tí ìjọba ń lù ní gbàǹjo. Àwọn ẹ́ńjìnnì yìí kì í kú. Jíjò ni wọ́n ń jò. Àwọn kan á gbé páànù sábẹ́ rẹ̀, wọ́n á máa da ọ́ìlì tó bá kán padà sínú rẹ̀ láràárọ̀ bí ẹni ń gbé ọbẹ̀ àná padà sórí iná. Ìgbà tó bá sú wọn ni wọ́n ń wá Sójà.

Sójà nìkan kọ́ ló ń ṣe é. Akínọlá wà pẹ̀lú rẹ̀, ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, tí Adéríbigbé fi ọdún díẹ̀ jù lọ. Wọ́n ti jọ ń ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ tí ṣọ́ọ̀bù náà kò tíì ní òrùlé. Adéríbigbé ló ń tú ẹ́ńjìnnì, tó ń gbé ẹrù, tó ń bá oníbàárà jà. Akínọlá ló ń tẹ síìlì. Òrùka rọ́bà ni síìlì yìí, òun ló ń dá ọ́ìlì dúró níbi tí ọ̀pá ẹ́ńjìnnì ti yọ jáde lẹ́yìn. Bí ẹni tó ń tẹ̀ ẹ́ wọlé bá jẹ́ kó wọ́ díẹ̀, ó bàjẹ́ nìyẹn. Adéríbigbé lágbára ju ohun tí síìlì ń fẹ́ lọ, òun náà sì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ Akínọlá ló bá a mu.

Wọ́n ní àṣà kan. Ihò kékeré kan wà nísàlẹ̀ níbi tí ẹ́ńjìnnì àti àpótí tó ń mú iná wá ti so pọ̀; bí síìlì bá ń jò, ibẹ̀ ni ọ́ìlì ń gbà kán sílẹ̀. Bí wọ́n bá ti tẹ síìlì tuntun tán, tí wọ́n tan ẹ́ńjìnnì, Akínọlá á lóṣòó, á tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sábẹ́ ihò náà, á sì mú un síbẹ̀ títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná dáadáa. Lẹ́yìn náà á gbé ọwọ́ sókè kí oníbàárà rí i. Bí ó bá gbẹ, ọ̀rọ̀ parí. Kò sí ẹni tí ń béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ wọn.

Lọ́dún tó ṣáájú ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí, Akínọlá yọ̀ ṣubú lórí ọ́ìlì nínú ṣọ́ọ̀bù, ọrùn ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sì kán. Àwọn tó ń to eegun tò ó, ó jinná, ó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n nígbà mìíràn láàárọ̀, Adéríbigbé máa ń rí i tó dá jókòó, tó ń la ọwọ́ náà tó ń pa á dé, tó ń wò ó bí ẹni ń wo ọmọ tí kò fi bẹ́ẹ̀ yá. Adéríbigbé mọ ohun tó ń bà á lẹ́rù.

Ibi tí nǹkan ti bẹ̀rẹ̀ sí í dàrú ni ọ̀rọ̀ Àǹtí Ethel. Obìnrin yìí ní ilé yìnyín ní Ìpọ̀nrí, kò sì ní sùúrù fún ìranù. Ó ra jẹnẹrétọ̀ sójà ńlá kan ní gbàǹjo, ó ní ó ń jò díẹ̀díẹ̀, kí wọ́n wá bá òun wò ó. Wọ́n lọ. Wọ́n tú u, Akínọlá tẹ síìlì tuntun, ó tẹ́ ọwọ́, ọwọ́ gbẹ. Inú gbogbo wọn dùn. Adéríbigbé wo bí ẹ́ńjìnnì náà ṣe tóbi, ó wo bí oníbàárà náà ṣe lórúkọ, ló bá kùn ún ní àkùntúnkùn. Ó ń tàn yòò, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni Àǹtí Ethel sì tíì rẹ́rìn-ín sí i, ọjọ́ náà ni.

Kò pẹ́ tó fi ránṣẹ́. Ọ́ìlì ti kún ilẹ̀. Nígbà tí òun gbé e dé, ó ní, ó ń kán tó, tó. Ní báyìí, ó ń ṣàn. Wọ́n padà lọ, wọ́n tún síìlì tẹ̀, wọ́n dán an wò láìgbé ẹrù lé e, ọwọ́ tún gbẹ. Adéríbigbé fi ọ̀dà tún ibi tí ọwọ́ wọn ti bà jẹ́ kùn, torí kò lè fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó tún ń ṣàn.

Ìgbà kẹta ni ẹnu Adéríbigbé ṣe ohun tí ọwọ́ rẹ̀ ò ṣe rí. Òwúrọ̀ ni. Àwọn obìnrin ẹlẹ́ja tò sẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú abọ́ ńlá wọn, wọ́n ń dúró de yìnyín tí kò sí. Àǹtí Ethel dúró láàárín wọn, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà.

"Sójà, ẹ̀yin lẹ sọ fún mi pé ó ti parí," ó ní. "Ẹ̀ẹ̀mejì lẹ sọ ọ́. Kí ni mo fẹ́ sọ fún àwọn èèyàn wọ̀nyí? Kí ẹja wọn máa rà?"

Gbogbo ojú yí sí i. Ìtìjú mú Adéríbigbé, ẹni tí ìtìjú bá sì mú, ọ̀rọ̀ tó bá kọ́kọ́ kàn án ló ń jù. Ó nawọ́ sí Akínọlá.

"Ẹ má bi mí, ẹ bi í. Òun ló ń tẹ síìlì. Látìgbà tọ́wọ́ ẹ̀ ti kán, kò ṣeé gbára lé mọ́."

Ẹyin lọ̀rọ̀. Bó ṣe bọ́ lẹ́nu rẹ̀ ló mọ̀ pé ó ti fọ́. Ó ń retí kí Akínọlá bínú, kó dáhùn, kó sọ pé irọ́ ni, kí àwọn jọ pariwo kí ọ̀rọ̀ náà lè dàjà lásán. Akínọlá ò bínú. Ó fi àkísà nu ọwọ́ ọ̀tún náà, ó wò ó.

"Ẹ̀gbọ́n, ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀," ó ní.

Ó kó irinṣẹ́ rẹ̀, ó sì lọ. Kò wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ kejì, kò wá lọ́jọ́ kẹta. Nígbà tó yá, Adéríbigbé gbọ́ pé ó ti rí iṣẹ́ sí iléeṣẹ́ kan ní Ìlúpéjú, pé ẹnu géètì ló wà. Èèyàn tó lè tẹ síìlì sí ẹ́ńjìnnì tó tóbi ju tábìlì lọ ló wá ń ṣí géètì fún mọ́tò.

Adéríbigbé ò lọ wò ó. Ó sọ fún ara rẹ̀ pé òótọ́ lòun sọ, àti pé òótọ́ korò. Ó padà sí Ìpọ̀nrí láti fi hàn pé òun tọ̀nà. Òun fúnra rẹ̀ ló tẹ síìlì lọ́tẹ̀ yìí, ó sì rọra ṣe é bí ẹni ń gbé ẹyin àparò. Ó fi ara balẹ̀ kùn ún. Ọ́ìlì tún ṣàn.

Àǹtí Ethel wo ilẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

"Sójà," ó ní, "ọwọ́ ta ló tún kán báyìí?"

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ ọ́ lákínyẹmí ara. Kò lè jẹun dáadáa lálẹ́ ọjọ́ náà. Ìyàwó rẹ̀, Kùdírátù, tó ń ta ìpara àti páúdà ní Tejúoṣó, bi í kí ló dé, ó ní kò sí nǹkan. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ó ní kó bá òun wá páúdà tí omi ti wọ̀, èyí tí kò ṣeé tà mọ́. Kùdírátù mọ ohun tó fẹ́ fi ṣe. Ọgbọ́n bárékè ni: bí èèyàn ò bá mọ ibi tí ọ́ìlì ti ń wá, kó fọ ẹ́ńjìnnì náà kó mọ́, kó bu páúdà lù ú, kó sì tan án. Ibi tí páúdà bá ti kọ́kọ́ dúdú ni olè wà.

Ó sá páúdà náà sóòrùn, ó gún un, ó sì fi kun ẹ́ńjìnnì Àǹtí Ethel láti òkè délẹ̀. Gbogbo ilé yìnyín ń ta sánsán bí ọmọ tuntun. Àwọn ẹlẹ́ja ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́, wọ́n ní Sójà ti pa ẹ́ńjìnnì lára tán, ó ku kó pọ̀n ọ́n. Ó tan án, ó lóṣòó, ó ń wò ó.

Ibi kan ṣoṣo ló ń retí pé yóò dúdú, lẹ́yìn, nídìí síìlì. Ibẹ̀ dúdú lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbẹ́ dúdú, iwájú dúdú, etí ìdérí òkè dúdú. Gbogbo oríkèé ẹ́ńjìnnì náà ló ń làágùn. Lẹ́yìn náà ni gééjì, ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì, bẹ̀rẹ̀ sí í dìde díẹ̀díẹ̀ nínú ihò rẹ̀, láìsí ẹni tó fọwọ́ kàn án. Àwọn ẹlẹ́ja sún sẹ́yìn.

Ó dìde, ó ṣí ìdérí ibi tí wọ́n ń gbà da ọ́ìlì, ó fẹ́ fi kún un. Èéfín tú jáde lójú rẹ̀. Bó ṣe ń wá agolo ọ́ìlì kiri, tí ìdérí náà ṣì wà ní ṣíṣí, ó rí i pé ọ́ìlì kò kán sílẹ̀ mọ́. Ó dé e padà, ọ́ìlì tún bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ó ṣí i, ọ́ìlì dúró. Ó wá yé e. Ẹ́ńjìnnì náà ò rí èémí mí. Afẹ́fẹ́ gbígbóná tó wà nínú rẹ̀ ò ríbi gbà jáde, ló bá ń ti ọ́ìlì gba gbogbo ibi tó bá ṣáà rí. Kò sí síìlì ayé yìí tó lè dúró níwájú rẹ̀, ẹni yòówù kó tẹ̀ ẹ́.

Ẹ́ńjìnnì sójà ní imú. Ìdérí kékeré kan ni, lókè, ó ní ihò wẹ́wẹ́ yíká ẹnu rẹ̀. Adéríbigbé pa ẹ́ńjìnnì náà, ó tú ìdérí yìí, ó gbé e síta sójú oòrùn. Kò rí ihò kankan. Ó fi ẹnu ọ̀bẹ ha á, ọ̀dà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò ní pẹlẹbẹ-pẹlẹbẹ. Àwọn ìpele ọ̀dà tó wà nísàlẹ̀ ti ṣá, tàwọn sójà nìyẹn. Wọ́n ti dí ihò náà dé ìdajì kí wọ́n tó lù ú ní gbàǹjo. Èyí tó wà lókè, tó nípọn, tó ṣì ń dán, tiẹ̀ ni. Òun ló fi àkùntúnkùn dí ìyókù pa.

Ó jókòó sílẹ̀ nínú ọ́ìlì, kò bìkítà fún ṣòkòtò. Ojú tì í dé egungun. Ọwọ́ kan tó ti sìn ín láti ọjọ́ pípẹ́ wá, òun ló fẹnu ara rẹ̀ sọ pé ó ti kú, lójú ọjà, ẹni tó ni ọwọ́ náà sì gbà á gbọ́.

Nígbà tó délé, ó sọ gbogbo rẹ̀ fún Kùdírátù.

"Ẹ lọ bá a," obìnrin náà ní.

"Mo ṣáà jù ú lọ. Ṣé kí n dọ̀bálẹ̀ fún àbúrò ni?"

"Ta ló ní kẹ́ ẹ dọ̀bálẹ̀? Ìpọ̀nrí lẹ ti tú u láṣọ, Bàbá Jemilat. Ìpọ̀nrí ni kẹ́ ẹ ti wọ̀ ọ́ fún un padà."

Ó kọ́kọ́ padà sọ́dọ̀ Àǹtí Ethel, ó nu imú ẹ́ńjìnnì náà mọ́ tónítóní. Lẹ́yìn náà ló ṣe ohun tí kò sẹ́ni tó rán an. Ó tú ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì, ó yọ síìlì tí òun fúnra rẹ̀ tẹ̀ síbẹ̀, kò sì fi òmíràn sí i. Ó fi í sílẹ̀ gbayawu bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ló wọkọ̀ lọ sí Ìlúpéjú.

Akínọlá wà lẹ́nu géètì nínú aṣọ kákí. Mọ́tò kan ń jáde, ó sì ti géètì náà ṣí. Ọwọ́ òsì ló fi tì í. Ọwọ́ ọ̀tún wà nínú àpò. Adéríbigbé rí i, ọ̀rọ̀ tó ti tò kalẹ̀ láti Mushin sì fò lọ lórí rẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ káàbọ̀," Akínọlá ní. "Ṣé àlàáfíà ni?"

Adéríbigbé tú bébà kan, ó fi èépá ọ̀dà náà hàn án. Ó sọ ibi tó ti rí i. "Èmi ni mo dí i," ó ní. "Ọwọ́ ẹ ò ṣẹ̀ nǹkan kan."

Akínọlá wo èépá ọ̀dà náà pẹ́. "Ẹ ṣé. Mo mọ̀ pé ẹ fẹ́ tù mí nínú ni."

"Ọ̀dà rèé lójú ẹ."

"Mo rí ọ̀dà. Àmọ́ ọwọ́ yìí ńkọ́? Pé ọ̀dà dí ibì kan ò sọ pé ọwọ́ mi dáa. Ẹ̀yin ò mọ̀. Èmi náà ò mọ̀."

"Ohun tó gbé mi wá nìyẹn," Adéríbigbé ní. "Mo ti yọ síìlì tèmi. Kò sí nǹkan kan níbẹ̀ báyìí. Mi ò ní í tẹ òmíràn, mi ò sì ní í jẹ́ kẹ́nì kan tẹ̀ ẹ́. Àǹtí Ethel ń retí ẹ lọ́jọ́ Sátidé."

"Tí mi ò bá wá ńkọ́?"

"Á jẹ́ pé kò ní í sí yìnyín ní Ìpọ̀nrí. Ìwọ àtàwọn ẹlẹ́ja lẹ máa jọ yanjú ẹ̀."

Akínọlá fẹ́ rẹ́rìn-ín, kò rín in. Mọ́tò mìíràn ń fọn fèrè, ó lọ ṣí géètì.

Ní Sátidé, Adéríbigbé ti dé Ìpọ̀nrí kó tó di pé àwọn ẹlẹ́ja tò. Oòrùn gòkè, Akínọlá ò wá. Àǹtí Ethel ń rìn lọ rìn bọ̀. Adéríbigbé ti ń rò ó pé ó ti tán, pé òun ti fẹnu òun gé ẹ̀ka tí òun jókòó lé, nígbà tó rí i tó yọ lórígun, tó gbé àpótí irinṣẹ́ kọ́ èjìká.

Adéríbigbé ò jẹ́ kó jókòó. Ó yíjú sí gbogbo èèyàn, ó gbé ohùn sókè bí ẹni wà ní bárékè.

"Ẹ̀yin ìyá, ẹ wà níbí lọ́jọ́ tí mo sọ pé ọwọ́ Akínọlá ò ṣeé gbára lé mọ́. Irọ́ ni mo pa. Ọ̀dà tí mo fi ń ṣe fáàrí ló dí ẹ́ńjìnnì yìí nímú. Èmi Sójà ni mo bà á jẹ́. Akínọlá, má bínú sí mi."

Ẹnì kan nínú àwọn ẹlẹ́ja ní, "Ó tán àbí? Ẹ jẹ́ ó ṣiṣẹ́." Akínọlá ti ń fi àkísà nu ibi tí síìlì ń gbé.

Ó mú síìlì tuntun, ó fi ọ́ìlì ra á létí, ó gbé e sẹ́nu ibi tó ń wọ̀. Síìlì náà wọ́ díẹ̀. Gbogbo wọn rí i. Ó gbé síìlì náà kúrò, ó mí, ó tún gbé e padà. Adéríbigbé yíjú sí ògiri, kò fẹ́ wò. Ó ń gbọ́ bí Akínọlá ṣe ń fi igi kékeré kan an yíká: kọ́, kọ́, kọ́, láìkánjú. Ó pẹ́ kó tó dákẹ́.

Wọ́n so ẹ̀yìn ẹ́ńjìnnì náà padà. Wọ́n tan án. Akínọlá lóṣòó, ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ sábẹ́ ihò. Àǹtí Ethel tan ẹ̀rọ yìnyín, ẹrù wọ ẹ́ńjìnnì náà lọ́rùn, ohùn rẹ̀ rẹlẹ̀, ó gbóná. Gééjì ò dìde. Adéríbigbé dúró tì í, kò mọ ohun tí ì bá fi ọwọ́ tirẹ̀ ṣe. Nígbà tí Akínọlá fa ọwọ́ yọ, kò gbé e sókè kí ẹnikẹ́ni rí i. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò ó. Ó gbẹ. Ó la á, ó pa á dé, ó tún wò ó. Ìgbà náà ló tó nà án sókè, àwọn ẹlẹ́ja sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé abọ́ wọn.

Akínọlá ní lọ́jọ́ Ajé òun á lọ dágbére fún àwọn ará Ìlúpéjú.

Lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́, nígbà tí wọ́n pa ẹ́ńjìnnì náà tó sì tutù, Adéríbigbé ṣí agolo ọ̀dà bí ìṣe rẹ̀, ó ti ki búrọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́ kó tó rántí. Ó fà á yọ, ó fẹ́ dé agolo náà padà.

"Kí lẹ ń ṣe?" Akínọlá béèrè.

"Ó tó gẹ́ẹ́. Kó máa wà bẹ́ẹ̀."

"Rárá o. Báwo ni wọ́n á ṣe mọ̀ pé iṣẹ́ wa ni?" Akínọlá dìde, ó fi àtẹ́lẹwọ́ ọ̀tún rẹ̀ bo imú ẹ́ńjìnnì náà, ó sì dì í mú dáadáa. "Ẹ máa kùn ún, Ẹ̀gbọ́n."

Adéríbigbé kùn ún. Kò yára bí ti tẹ́lẹ̀. Nígbà tó dé ibi tí ọwọ́ náà wà, ó rọra kùn ún yípo, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ti kún fún omi, búrọ́ọ̀ṣì sì ń kan àwọn ìka náà. Nígbà tí Akínọlá gbé ọwọ́ kúrò, ẹ̀yìn ọwọ́ náà ti di àwọ̀ ewé, inú rẹ̀ mọ́. Adéríbigbé ń wá kẹrosíìnì láti fi nù ún. Akínọlá ní kó fi í sílẹ̀, òun á gbé e délé bẹ́ẹ̀.